Ká Ka Iṣẹ́ Ká Tó Ra Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10. Ìbéèrè kan náà ló wá délẹ̀ fáwọn èèyàn wa ní Barking àti Dagenham ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbáà jẹ́ ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń báni fowó ránṣẹ́ sílé, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń báni ṣírò owó orí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ kò gba Windows 11, torí pé kò ní ẹ̀yà ààbò TPM 2.0 tàbí pé ọpọlọ rẹ̀ ti pẹ́ jù. Ṣé ká ra tuntun ni, àbí ká máa lo eléyìí lọ bẹ́ẹ̀?

Lójú tiwa, ọ̀nà kẹta wà, àdúgbò yìí gan-an ni wọ́n sì ti tọ̀ ọ́ rí.

Nígbà tí àtìlẹ́yìn Windows XP fẹ́ parí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014, káńsù Barking and Dagenham ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì bí 3,500 àti alágbèéká bí 800 tó ń lo XP. Wọn ò sáré lọ ra Windows tuntun. Chromebook, ìyẹn alágbèéká tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí 2,000 ni wọ́n rà fáwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì gbé Chromebox, irú rẹ̀ ti orí tábìlì, bí 300 sí ibi ìgbàlejò àti orí àwọn tábìlì àjùmọ̀lò. Káńsù fojú bù ú pé ìyẹn dín ìnáwó wọn kù ní nǹkan bíi £400,000.

Owó yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹnu mọ́. Tiwa ni pé kò sẹ́ni tó lè ṣe irú ẹ̀ láì kọ́kọ́ bèèrè ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó ń ka ímeèlì, tó ń kọ lẹ́tà, tó ń gba orúkọ àlejò sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn ètò àtijọ́ tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí Windows ńkọ́? Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lórí sáfà. Òṣìṣẹ́ á ṣí i lójú Chromebook, á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà, bẹ́ẹ̀ ibòmíràn ni ètò náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀ san £5.5 mílíọ̀nù fún Microsoft lọ́dún náà kí XP lè ní àtúnṣe fún ọdún kan péré sí i. Ká sì má tan ara wa pé jíjókòó sójú kan kò ná wa ní nǹkan kan. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ ilé ìwòsàn Barts Health, àwọn tó ni ilé ìwòsàn Newham àti Whipps Cross tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Wọ́n dá aláìsàn padà sílé, wọ́n darí ọkọ̀ áńbúláǹsì gba ibòmíràn. Láti oṣù Kẹta ọdún yẹn ni Microsoft sì ti gbé àtúnṣe ihò tó gbà wọlé jáde. Ẹ̀rọ tí kò rí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ gbà mọ́ kò yẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń fi orúkọ àti nọ́ńbà báǹkì oníbàárà pamọ́.

A ò sọ pé ó rọrùn. Ìlú Munich ní Jámánì kó kọ̀ǹpútà bí 15,000 lọ sórí Linux, ètò tó ń rọ́pò Windows, wọ́n parí ẹ̀ lọ́dún 2013, ìgbìmọ̀ ìlú tún dìbò lọ́dún 2017 pé kí wọ́n padà sí Windows. Chromebook pàápàá ní ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ ń tán. Lọ́dún 2023 ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèlérí ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó bèèrè ọjọ́ yẹn kó tó sanwó.

Ohun kan tún wà tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìwé ìsìn àti àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a ti tẹ̀ látijọ́, fọ́ǹtì àdáni ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Bí a bá gbé wọn dé orí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ á di àmì àjèjì tàbí àpótí òfìfo. Ẹ ṣí fáìlì mẹ́ta tó pẹ́ jù lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀rọ tuntun náà wò, kí ẹ sì gbìyànjú láti tẹ ẹ̀ àti ọ́ pẹ̀lú àmì lórí, kí ẹ tó kó gbogbo ọ́fíìsì lọ.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ bá sì yọ kúrò, a mọ̀ pé ilé ló máa ń lọ, nínú àgbá tàbí páálí, sí Computer Village ní Ìkẹjà tàbí sọ́dọ̀ àbúrò tó wà ní yunifásítì. Ẹ má fi í ránṣẹ́ tòun ti Windows 10 lásán. Ọ̀fẹ́ ni Linux, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì bá ẹ̀rọ àgbà lára mu. Ẹ nu gbogbo ìwé oníbàárà kúrò, kí ẹ fi Linux sí i níhìn-ín níbi tí iná kì í ti í ṣẹ́jú, kó tó wọ páálí.