Àwọn Obìnrin Aláròsọ Ìtàn Iwin
Bí a bá ń sọ ìtàn iwin àti ebora ní Abẹ́òkúta, Amos Tutùọlá nìkan ni gbogbo ẹnu ń pè. Ó yẹ ẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ta ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́, bí kò ṣe lẹ́nu ìyá? Èé ṣe tí a kò fi ka obìnrin kún un?

Ní 2005, Helen Oyeyemi gbé The Icarus Girl jáde: ọmọbìnrin kan tí èkejì rẹ̀ ti kú. Tomi Adeyemi tẹ̀lé e ní 2018 pẹ̀lú Children of Blood and Bone. Èdè Yorùbá ni ọfọ̀ inú rẹ̀.

Àwọn kan ní, “Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe tiwa.” Èdè wo ha ni Tutùọlá fi kọ tirẹ̀ ní 1952? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ to ìwé wọn sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.