Ta Ni Kó San Owó Omi?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside!

Ẹjọ́ omi ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Àwọn aláṣọ ní àwọn ò lè máa dá iye kan náà pẹ̀lú olóúnjẹ. Wọn ò purọ́. Kẹ́ẹ̀gì kan lè tó aláṣọ lójúmọ́, olóúnjẹ á lo mẹ́wàá. Epo la sì fi ń fa omi. Kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà bẹntiróò kò tó náírà 200. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ó fò kọjá 500. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ní kí oníkálukú máa sanwó kẹ́ẹ̀gì tó bá pọn.

Àwa ò fara mọ́ ọn. Ṣé ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2024, tí onígbáméjì jà l'Ékòó, tó sì dé ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa? Bí olóúnjẹ bá ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì, omi kan náà ni yóò fi ṣan abọ́ láàárọ̀ títí dalẹ́, aláṣọ náà ni yóò sì jẹun nínú abọ́ ọ̀hún.

Ibi tí omi ń bá lọ gan-an ni ilé ìyàgbẹ́. Táǹkì ẹ̀yìn ìjókòó ti àtijọ́ ń da lítà 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kò tó o lẹ́ẹ̀mẹta! Ẹ wá wo ilé àwọn ọmọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ rọ omi kún ike lítà kan àbọ̀, ẹ dé e pa, ẹ rọra fi sínú táǹkì náà. Iye yẹn lẹ dá dúró nígbàkígbà tí ẹ bá fà á. Omi tí a fi ṣan aṣọ náà ṣeé dà síbẹ̀. Ará Ogun Waterside á ní omi yí àwọn ká. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ṣé omi ọ̀sà la fi ń se ọbẹ̀?

Ní ìpàdé, a ó bẹ̀bẹ̀ pé kí omi ìfọwọ́ àti omi ìfọbọ́ wà nínú owó oṣù gbogbo wa. Ẹni tó ń gbé omi lọ sílé ni kó san ti kẹ́ẹ̀gì. Onílé ni kó sì tún ẹ̀rọ tó ń jò ṣe. Ní ilé ìtajà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀rọ jò fún oṣù mẹ́ta, olóúnjẹ là ń fura sí. A ti bú u kí a tó rí ibi tó ti ń jò. Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.