Ẹ Má Tíì Ta Jíìpù Ẹ̀yìn Láàbù: Ọkọ̀ Dísẹ̀lì Àtijọ́ Ṣeé Tún Ṣe Díẹ̀díẹ̀

Láti ìgbà tí a ti wọlé táàmù yìí ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn. Wọ́n ní àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù ń bọ̀ wá gbé jíìpù dísẹ̀lì tó wà lẹ́yìn láàbù, èyí tí koríko ti bò dé ojú fèrèsé. Inú ọ̀pọ̀ nínú wa ń dùn pé a máa ráyè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Èmi ò sí lára wọn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ìpàdé PTA tó pé.

Èrò mi ni pé ọkọ̀ dísẹ̀lì àtijọ́ tí ṣásí rẹ̀ ṣì le kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí òṣùwọ̀n tà bí irin lásán. Ó ṣeé tún ṣe, tí a bá ṣe é díẹ̀díẹ̀, tí a sì mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú.

Ohun tí ojú mi rí nílé wa ni mo ń sọ. Toyota Land Cruiser HJ60 kan wà níbẹ̀, òun ni bàbá bàbá mi fi ń kó iṣu láti oko wá sí Ṣakí. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni Toyota fi ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 2H ló wà nínú rẹ̀, sílíńdà mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 4, kò sì ní tọ́bò. Ọdún mẹ́jọ ló lò lábẹ́ igi máńgòrò wa. JSS2 ni mo wà nígbà tí bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn án. Ní báyìí tí mo wà ní SS2, ó ti ń lọ oko padà.

Ṣé owó ńlá ló wà níbẹ̀ ni? Rárá o. Àjọ ni bàbá mi ń dá. Ìgbàkígbà tí ó bá ti kó àjọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo la máa fi ṣe. A ò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ báyìí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ohun tó ń dán ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà. Ẹ óò rí ọkọ̀ tó ní táyà gàgàrà, iná LED àti spíkà tó ń mi ilé, ṣùgbọ́n tí búrẹ́ékì rẹ̀ kò mú. Ìyẹn ò dáa. Ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró ló yẹ kó ṣáájú ohun tó ń mú un sáré. Nítorí náà, búrẹ́ékì, stẹ́árìn àti táyà la fi àjọ mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe, ẹ́ńjìnnì ò tíì dún rárá nígbà yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan epo. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Físíìsì, ẹ gbọ́ èyí: ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Ó máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí tí afẹ́fẹ́ náà á fi gbóná janjan. Nígbà tí nọ́sù bá wá tú dísẹ̀lì sí i, iná á ràn fúnra rẹ̀. Hítà plọ́ọ̀gì kàn ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù ni. Ìdí nìyí tí omi àti ìdọ̀tí inú epo fi jẹ́ ọ̀tá rẹ̀: wọ́n á ba pọ́ńpù jẹ́, wọ́n á ba nọ́sù jẹ́. A tú táńkì, a fọ̀ ọ́, a pààrọ̀ fíltà, a sì fi ọwọ́ pọ́ńpù epo títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán nínú páìpù. Pọ́ńpù ńlá fúnra rẹ̀, a ò tú u nílé. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n la gbé e fún. Ẹni tó bá gbọ́n mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Rédíétọ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wáyà, lẹ́yìn náà wẹ́dà tó lẹ ilẹ̀ ọkọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ. Ìgbà tí gbogbo èyí parí la tó fi nǹkan tuntun kún un: bẹ́líìtì fún àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn, fíltà kejì tó ń yọ omi kúrò nínú epo, àti iná iwájú tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Àbúrò bàbá mi ní ká fi tọ́bò sí i. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tí wọn ò ṣe fún tọ́bò, tí ooru rẹ̀ bá ti lé, pístìn ló máa sanwó rẹ̀. Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Àwọn kan á ní, "Ṣé owó yẹn ò ti ní ra tọ́kúnbọ̀ ni?" Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó yẹn ò pé sójú kan rí, ẹni tó bá sì ra tọ́kúnbọ̀ ṣì máa tún un ṣe. Àwọn mìíràn á ní èéfín rẹ̀ ń pani. Òótọ́ ni, èéfín dúdú kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n ohun tí èéfín dúdú ń sọ ni pé epo kò jó tán, bóyá fíltà afẹ́fẹ́ ti dí tàbí nọ́sù ò tú epo dáadáa mọ́. Àtúnṣe ló ń fẹ́. Mo sì gbà pé tí ìpẹtà bá ti jẹ ṣásí wọnú, kí wọ́n tà á. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ìbéèrè mi wá nìyí: ta ló ti wo abẹ́ jíìpù ilé ẹ̀kọ́ wa? Táàmù tó kọjá, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan dákú ní àsẹ́ḿbílì, ọ̀kadà la fi gbé e lọ sí ọsibítù, ẹnì kan dì í mú lẹ́yìn. Gbogbo wa la rí i. Ọkọ̀ tiwa sì wà nínú koríko.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn òbí àti àwọn alákòóso wa ni pé kí wọ́n fún ẹgbẹ́ JETS ní táàmù mẹ́ta. Kí a pe mẹkáníìkì kan tó jáde nílé ẹ̀kọ́ yìí wá fi òòlù kan ṣásí náà wò. Tó bá le, ká máa ṣe é ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, búrẹ́ékì ni kó ṣáájú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Kí àwa ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀ o, sípánà ò mọ ọkùnrin yàtọ̀.

Tí táàmù mẹ́ta bá pé tí kò bá dún, ẹ pe àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Ọkọ̀ tí kò lè rìn kò kúkú lè sá lọ.