Òdòdó Eléwé Ńlá Inú Ilé

Dieffenbachia, òdòdó eléwé gbòòrò tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru wá, ti di ọ̀ṣọ́ pálọ̀ ní ilé púpọ̀, àwa pẹ̀lú sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí a gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kí oòrùn ọ̀sán má ṣe pa á, kí ewé rẹ̀ má bàa jó. Omi àpọ̀jù ni í pa á ju òùngbẹ lọ. Olúkúlùkù ará ilé ni í sì máa bu omi sí i! Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ ìkòkò náà. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ má bàa rà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ọmọ tí ń rákò, àwa bẹ̀ yín, ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Ohun kan tí ó rí bí abẹ́rẹ́ tín-tìn-tín wà nínú ewé àti igi rẹ̀, tí í gún ahọ́n àti ọ̀fun ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Ẹnu a wú, ọ̀rọ̀ a sì ṣòro láti sọ. Nítorí èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é ní ọ̀pá tí ń sọni di odi. Bí ọmọ bá ti bù ú jẹ, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ má ṣe mú un bì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá. Ẹni tí ó bá sì gé òdòdó náà, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fi kan ojú.