Búsítà Kò Lè Dá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Sílẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kan ara wọn. Ohun tí ojú mi rí ní abúlé tí mò ń gbé lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé wa ní Òkè Ọya níbí ti fi hàn mí pé ti fóònù kò rí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo àwa tí a kò rí yàrá nínú ọgbà la mọ ìyà yìí. Bí ìyá ẹni bá pè láti ilé, ìdí igi máńgòrò la máa sáré lọ kí a tó gbọ́ ohùn wọn. Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin dáwó, a ra búsítà lọ́jà. A gbé àńtẹ́nà kan sórí òrùlé, a gbé èkejì sínú yàrá. Inú wa dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Alájì tí wọ́n ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ẹ̀rọ àwọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. A pa búsítà, ti Alájì jí. A tún tàn án, ti Alájì kú. Ojú tì wá.

Kí ló fà á? Ìwọ̀nba nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí búsítà bá bá lórí òrùlé ló ń gbé wọlé. Bí kò bá sí níbẹ̀, òfo ni yóò gbé. Bí àńtẹ́nà méjèèjì bá sì sún mọ́ra jù, wọn a máa dá ohùn padà fún ara wọn, bí máìkì ṣe máa ń han gooro nídìí sípíkà. Ariwo yìí lè di òpó fóònù létí débi pé kò ní gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí àjọ NCC.

Irú mìíràn wà tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ fóònù fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún oníbàárà. Ìpè kan kò tó 100 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà íntánẹ́ẹ̀tì tó lọ́ra lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú ilé bá ń fi fídíò ránṣẹ́, ohùn á máa já. Ẹni tó sì ti ní Wi-Fi lè pe ilé lórí WhatsApp láìra ẹ̀rọ kankan.

Èrò tèmi ni pé kí a yé dá owó búsítà. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ ti 2020 sí 2025 ṣèlérí 10 Mbps, ó kéré tán, fún ìgbèríko. Òfin 2003 sì dá owó USPF sílẹ̀ fún ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ kò ti rí èrè. Kí ẹgbẹ́ wa, àwọn onílé àti baálẹ̀ jọ kọ̀wé béèrè òpó. Kí oníkálukú wa sì pe 622, kí ó fi ẹjọ́ sun NCC. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni búsítà tiwa wà báyìí. A ti padà sí ìdí máńgòrò, ṣùgbọ́n Alájì ń rí iṣẹ́ wọn ṣe. Ire o.