KỌ̀ǸPÚTÀ KÌ Í PARỌ́? ẸNI TÓ FI Ọ̀RỌ̀ SÍ I LẸ́NU ŃKỌ́?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ sún mọ́ ibí kẹ́ ẹ gbọ́.

Ẹ fojú inú wo ilé kan n'Ìkòròdú, lọ́jọ́ 9 oṣù karùn-ún, ọdún 2025. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ń yẹ èsì ìdánwò JAMB wò. Ìyá ń ta ata lójà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ igbá kalẹ̀ ni. Ọmọ ẹ̀ obìnrin jókòó síbì kan, ó di fóònù mú, omijé ti ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Kí lo rí?" ìyá bi í.

"Màámi, 146 ni wọ́n fún mi."

"Nínú mélòó?"

"Nínú 400, mà."

Ìyá káwọ́ lérí. "Háà! Ìwọ tó o máa ń gbapò kìíní! Gbogbo owó lẹ́sìnnì tí mo san ńkọ́?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tí mo ṣe. Máàkì mi kọ́ nìyí."

Bàbá ló dá a lóhùn láti inú yàrá: "Pa ẹnu ẹ mọ́ níbẹ̀ yẹn! Kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Ìwọ ni ò kàwé!"

Ẹni tó bá ní ọmọ tó ṣe ìdánwò yẹn l'Ékòó lọ́dún náà, bóyá ló fi máa sọ pé òun ò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ bàbá yìí, nítorí pé òun gan-an lọ̀rọ̀ wà nídìí ẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni kọ̀ǹpútà kì í parọ́?

JÁǸBÙ DI JÀǸBÁ

Àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò JAMB lọ́dún 2025 lé ní 1,900,000. Nígbà tí èsì dé, àwọn tí kò gbà tó 200 nínú wọn lé ní 1,500,000. Ariwo ta. Àwọn aláṣẹ kan kọ́kọ́ sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àmì pé àwọn ti ń dínà mọ́ àwọn tó ń jíwèé wò ni. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ò dákẹ́, àwọn tíṣà ò dákẹ́, àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà sì ń béèrè ìbéèrè. JAMB bá padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún kan náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, pe àwọn oníròyìn jọ l'Ábùjá. Ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wáyé. Ó tọrọ àforíjì, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n lójú gbogbo ayé. Sẹ́ńtà 157 lọ̀rọ̀ náà kàn: 65 l'Ékòó, 92 ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Iye àwọn ọmọ tó wà ńbẹ̀ jẹ́ 379,997. Nínú wọn, 206,610 ló ṣe tiwọn l'Ékòó.

Kí ló fà á? Kò sí awo níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ má baà wo ara wọn, kọ̀ǹpútà máa ń tú ìbéèrè ká. Lọ́dún yẹn, wọ́n tún tú àwọn ìdáhùn gan-an ká pẹ̀lú. Ohun tó jẹ́ B níwájú Táíwò lè jẹ́ D níwájú Kẹ́hìndé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó máa máàkì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n ti tú nǹkan ká, ó sì níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó lè mọ̀. Wọ́n ṣe àtúnṣe náà sórí àwọn ẹ̀rọ tó ń bójú tó àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Èyí tó ń bójú tó Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò, wọn ò ṣe é sí i nígbà tó yẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni èèyàn gbàgbé, ọmọ ọlọ́mọ ló jìyà ẹ̀.

Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 16 oṣù náà. Ọjọ́ méjì péré! Bẹ́ẹ̀ ìdánwò WAEC ń lọ lọ́wọ́ lásìkò yẹn. Ọmọ tó ti sunkún tán tún ní láti nu ojú nù, kó gbé bíró, kó gba ọ̀nà sẹ́ńtà lọ.

WAEC NÁÀ TẸ̀LÉ E

Bí ẹ bá rò pé ó tán síbẹ̀, ẹ gbọ́ ti WAEC. Lọ́dún 2025 kan náà, lọ́jọ́ 4 oṣù kẹjọ, èsì jáde. Wọ́n ní ìdá 38.32 nínú 100 péré ló gba kírédíìtì márùn-ún tó ní Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nínú. Lọ́dún 2024 tó ṣáájú, ìdá 72.12 ni. Orí gbogbo èèyàn gbóná. Wọ́n ní ọmọ ayé òde òní ò kàwé mọ́, TikTok ni wọ́n ń wò.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin, WAEC ti ibi tí wọ́n ti ń wo èsì pa. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i padà, ìdá 38.32 ti di ìdá 62.96. Ẹ ṣírò ẹ̀: àwọn ọmọ tí wọ́n ní kò yege tẹ́lẹ̀, tó wá já sí pé wọ́n yege, lé ní 480,000!

Irú wàhálà kan náà ni. WAEC tú ìbéèrè ká nínú Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì àti Ẹkonọ́míìsì kí àwọn ọmọ má baà jíwèé wò. Nígbà tó kan máàkì, wọ́n ṣi ìdáhùn lò. Ẹ wò ó báyìí: ọmọ gba ìwé pupa, wọ́n wá fi ìdáhùn ìwé aláwọ̀ ewé máàkì fún un. Bó mọ̀wé bí Ṣóyínká, ṣé ó lè yege?

Ẹ ò rí i pé bàbá wa tó ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́ sọ òótọ́ dé ibì kan? Kọ̀ǹpútà ò parọ́ lóòótọ́. Bí odídẹrẹ́ ló ṣe rí. Ohun tí wọ́n bá kọ́ odídẹrẹ́ ló máa wí, kò ní wí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú kì í sì í tì í.

ÀWỌN ARÁ WA NÍ LONDON NÁÀ RÍ I

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Nàìjíríà nìkan ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Lọ́dún 2020 tí Kòrónà kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdánwò A-level, ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi pín máàkì fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló sì ń lọ sílé ìwé lóhùn-ún. Kọ̀ǹpútà náà wo bí ilé ìwé ọmọ ti ń ṣe láwọn ọdún tó ti kọjá. Bó o bá mọ̀wé àmọ́ tó jẹ́ ilé ìwé tí kì í ṣe dáadáa lo wà, ó lè fà ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ tí èsì jáde, ìdá 39.1 nínú 100 máàkì tí àwọn tíṣà fọwọ́ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gé kúrú. Àwọn ọmọ tú síta pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 17, ìjọba yí ohùn padà, wọ́n ní kí wọ́n lo máàkì tí tíṣà fún wọn.

Ẹ wá kíyè sí nǹkan kan nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ibi tí kọ̀ǹpútà ti fúnra ẹ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, mo ṣìṣe." Nínú ti JAMB àti ti London, ariwo àwọn òbí àti àwọn ọmọ ló jẹ́ kí wọ́n padà yẹ ìwé wò. Ti WAEC, àwọn tó ni iṣẹ́ ló padà yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e jáde ni.

KÍLÁÀSÌ TÍ KÒ SÍ ONÍRÒYÌN ŃKỌ́?

Ibi tó ń dunni jù nìyí. Ọmọ 379,997 lè pariwo kí ayé gbọ́. Ọmọ kan ṣoṣo nínú kíláàsì kan ńkọ́, ta ló máa bá a pariwo?

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ti ń fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ṣe ìdánwò báyìí. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, náà kéde lọ́dún 2025 pé WAEC àti NECO ń bọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Tíṣà á gbé ìbéèrè sórí Google Forms, àwọn ọmọ á dáhùn, kó tó ṣẹ́jú pẹ́ máàkì ti dé. Ó dùn mọ́ tíṣà, nítorí kò sí pé à ń gbé ìwé 80 relé lọ máàkì lábẹ́ fìtílà mọ́. Ó dùn mọ́ ọmọ náà, torí kọ̀ǹpútà kò mọ ọmọ pírínsípà, kò mọ ọmọ tí ìyá ẹ̀ gbé iṣu wá fún tíṣà.

Àmọ́ ẹ wo tíṣà Yorùbá tó béèrè pé, "Kí ni àgbẹ̀ fi ń kọ ebè?" Ìdáhùn ni "ọkọ́". Ọmọ kan tẹ "oko", nítorí fóònù tí wọ́n yá a kò ní àmì ìsàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà fún un ní òdo. Ọmọ kejì tẹ "ọkọ́" pẹ̀lú àmì ẹ̀ pé pérépéré, síbẹ̀ òdo ló gbà! Kí ló dé? Ọ̀nà tí bọ́tìnnì tiẹ̀ gbà fi àmì sí i yàtọ̀ sí ti tíṣà. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò jọra. Ti ọmọ àkọ́kọ́ ṣeé jiyàn lé, torí oko yàtọ̀ sí ọkọ́, tíṣà ni yóò sì pinnu ẹ̀. Ti ọmọ kejì, ìrẹ́jẹ pọ́ńbélé ni. Bí tíṣà ò bá ṣí ìwé náà wò fúnra ẹ̀, òdo yẹn ló máa wọ káàdì ọmọ.

Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí náà tún wà ńlẹ̀. Àbúlé tí kò níná, ibo ló ti máa rí i? JAMB gbìyànjú lórí èyí. Láti bí ọdún 2017 ni wọ́n ti ṣètò ẹ̀ pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni ọmọ nílò: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, àti mẹ́rin yòókù fún àwọn nǹkan bíi lílọ síwájú, pípadà sẹ́yìn àti píparí ìdánwò. Kò di dandan kó mọ máòsì lò. Wọ́n tún ya ètò sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò ríran. Ìyẹn fi hàn pé bí èèyàn bá ro ti ọmọ, ọ̀nà máa ń wà.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

Tíṣà, kó o tó gbé ìdánwò fún ọmọ, kọ́kọ́ jókòó ṣe é fúnra ẹ. Bí ìwọ tó o kọ ìbéèrè ò bá gba gbogbo máàkì, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí àwọn tó mọ̀wé jù ní kíláàsì bá jọ kùnà ní ìbéèrè kan ṣoṣo, má tíì bá wọn wí. Lọ yẹ ìdáhùn tó o fún kọ̀ǹpútà wò ná.

Pírínsípà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi eré ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí tòótọ́ tó dé. Kó má jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an lọmọ ń kọ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí iná bá lọ, kí àkókò dúró de ọmọ. Kí gbogbo ọmọ rí ohun tó kọ àti ohun tí wọ́n pè ní ìdáhùn, kó sì ní ọjọ́ díẹ̀ láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi tún un wò," láìsan kọ́bọ̀, láìjẹ ẹgba.

Ẹ̀yin òbí ńkọ́? Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan ò kàwé. Òótọ́ ni pé fóònù ń jẹ àkókò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó na pàṣán. Ẹ wo ìwé rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Ọmọ tó ń gba 70 láti ọdún mẹ́ta tó wá bọ́ sí 30 lóòjọ́, ó yẹ kí ìfura wọ̀ ọ́.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kọ̀ǹpútà kò lè gbọ́ ẹjọ́ ọmọ, kò létí. Àwa tá a létí ló yẹ ká gbọ́ ọ.

Bàbá yẹn n'Ìkòròdú, tó bá gbọ́ ohun tí JAMB sọ lọ́jọ́ 14, ọ̀rọ̀ kan ló kù fún un. Kó jáde nínú yàrá, kó pe ọmọ ẹ̀, kó sọ pé, "Ọmọ mi, má bínú. O sọ fún mi, mi ò gbọ́." Ìyẹn ò dín iyì bàbá kù rárá.

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣe ọmọ yín rí, ojú ewé lẹ́tà wà ńlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.