Má fi opening ẹlòmíì dá ara ẹ lóró

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta chess lórí fóònù, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ opening ni mo gbé wá, ìyẹn bá a ṣe ń ṣí ayò. Ẹ̀bẹ̀ sì wà nínú ẹ̀, torí èmi gan-an wà lára àwọn tó ń ṣì yín lọ́nà.

2/ Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí inbox mi. Ó ní òun wo fídíò mi lórí King's Gambit, òun fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ, ìgbà 15 sì ni wọ́n na òun tẹ̀léra. "Àǹtí mi, ó jọ pé irú orí tèmi kọ́ ni wọ́n fi ń ta chess. Mo ti yọ áàpù ẹ̀ kúrò lórí fóònù mi."

3/ Ó dùn mí wọra. Ṣé ẹ mọ ìdí? Èmi tí mo ṣe fídíò yẹn, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti fi King's Gambit sílẹ̀. Ó ń mú èèyàn wá wo fídíò mi, kò mú mi borí. Mo mọ̀, mo dákẹ́. Ẹni tó bá fi ẹṣin ẹ̀ rúbọ, tó wá há ọba mọ́lé ní ìgbésẹ̀ 18, gbogbo yín lẹ máa pín fídíò ẹ̀. Ta ló fẹ́ wo ẹni tó fi sùúrù jẹ pọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ní ìgbésẹ̀ 55?

4/ Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n: King's Gambit ni 1.e4 e5 2.f4. Ní ìgbésẹ̀ kejì péré, o ti ti pọ́ọ̀nù kan síwájú pé kí ọ̀tá wá jẹ ẹ́. Tó bá jẹ ẹ́, àárín pátákó á tú sílẹ̀ fún ẹ, àwọn ọmọ ayò ẹ á lè tètè jáde lọ jà. Àmọ́ pọ́ọ̀nù yẹn wà lára aṣọ tó bo ọba ẹ, ìwọ lo sì bọ́ ọ. Ẹni tó lè máa sáré lọ dáná sun ilé ọ̀tá nígbà tí iná ń jó lẹ́yìnkùlé tiẹ̀, òun ló ni ín.

5/ Èmi kọ́. 2022 ni mo kọ́ chess, nígbà ìyanṣẹ́lódì tó dá àwa akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ìjọba jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ. Gbogbo ẹni tí mò ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ pé kí n kọ́ Sicilian Najdorf, torí òun ni Fischer ta, òun ni Kasparov ta. Mo há a sórí dé ìgbésẹ̀ 12. Ẹni tá a jọ ń ta á kàn yà bàrá ní ìgbésẹ̀ kẹta, èmi á wá dà bí ẹni tó há past question sórí, tí wọ́n yí ìbéèrè padà mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

6/ Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó ti Lichess, mo ṣí 40 ayò tí wọ́n ti nà mí àti 40 tí mo jẹ. Mo fi bírò àti ìwé kà wọ́n. Nínú èyí tí wọ́n ti nà mí, 27 ló parí kí ìgbésẹ̀ 25 tó pé, èmi náà ni mo sì dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀: mo fi nǹkan rúbọ, mi ò mọ ibi tó máa já sí. Èyí tí mo jẹ ńkọ́? Púpọ̀ nínú ẹ̀ ló kọjá ìgbésẹ̀ 40. Ayaba méjèèjì á ti kúrò nílẹ̀, èmi á máa fún ọ̀tá lọ́rùn díẹ̀díẹ̀.

7/ Ibẹ̀ ló ti yé mi. Èmi tí mò ń pera mi ní jagunjagun, àṣé àgbẹ̀ ni mí. Mo máa ń gbìn, mo máa ń roko, mo máa ń dúró de òjò. Kí ni mò ń fi ọ̀kọ̀ ṣe?

8/ Mo bá bọ́ sí Caro-Kann: 1.e4 c6, lẹ́yìn náà d5. Orúkọ Horatio Caro àti Marcus Kann ni wọ́n fi pè é, láti ọ̀rúndún 19. Pọ́ọ̀nù c6 ló ń gbé ti d5 lẹ́yìn. French Defence, níbi tí wọ́n ti ń fi e6 bẹ̀rẹ̀, òun náà le bí òkúta, àmọ́ pọ́ọ̀nù e6 yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ bíṣọ́ọ̀bù kan sínú ilé. Nínú Caro-Kann, bíṣọ́ọ̀bù yẹn sábà máa ń ráyè jáde gba atẹ́gùn kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n tó bá di ìgbésẹ̀ 30, mo ṣì wà láàyè, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ tèmi ti ń jinná.

9/ Wọ́n á ní, "Ojo ni ẹ́, ẹ̀rù ìjà ló ń bà ẹ́." Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Tigran Petrosian ń bẹ̀rù? Mikhail Tal, ọmọ Latvia, tó máa ń fi ọmọ ayò rúbọ bí ẹni ń da àgbàdo fádìẹ, na Botvinnik, ó gba oyè àgbáyé ní 1960. Ní 1963, Petrosian, ọmọ Armenia, tó máa ń dí gbogbo ihò kí ejò tó ronú àtiwọlé, na Botvinnik kan náà, ó gba oyè kan náà. Ọdún kan ni Tal lò lórí ẹ̀. Petrosian dì í mú di 1969.

10/ Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti London, 2000. Garry Kasparov ti wà lórí oyè láti 1985. Tí ayaba bá ti wà lórí pátákó, tí ilẹ̀ bá gbóná, kò sẹ́ni tó ń rí i gbé ṣe. Kí ni Vladimir Kramnik ṣe? Ó gbé Berlin Defence jáde. Tí wọ́n bá ta á débi tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ayaba méjèèjì á ti lọ ní ìgbésẹ̀ kẹjọ. Ọba Kramnik á há sí àárín, kò ní lè ṣe castling mọ́, ara ẹ̀ á sì balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ayò 15 ni wọ́n ta. Kasparov ò jẹ ẹyọ kan. Kramnik jẹ méjì, ìyókù di ọ̀mì, oyè bọ́ lọ́wọ́ Kasparov. Kramnik mọ ilé ara ẹ̀, ó dẹ̀ fa ọ̀tá wọbẹ̀.

11/ Ká tiẹ̀ fi òyìnbó sílẹ̀. Ẹ wo àwọn bàbá tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n lábẹ́ igi. Ọ̀ta kan á máa jẹ méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀ta kejì á rọra kó ọmọ jọ sójú ilé kan, á kọ́ odù, á máa wò ẹ́ níran, títí tó fi máa tú u lé ẹ lórí. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n pe ẹni tó ń kọ́ odù ní ojo.

12/ Báwo lo ṣe máa mọ tìẹ? Bi ara ẹ ní nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́: àwọn ayò tó o jẹ, báwo lo ṣe jẹ wọ́n? Kì í ṣe bó o ṣe fẹ́ kí wọ́n rí o. Bí wọ́n ṣe rí gan-an.

Ìkejì: tí ayaba méjèèjì bá kúrò nílẹ̀, ṣé ọkàn ẹ máa ń balẹ̀ ni àbí ayò á sú ẹ? Tó bá ń sú ẹ, lọ sí Sicilian, lọ sí King's Gambit pàápàá, mi ò ní dá ẹ dúró.

Ìkẹta: àsìkò mélòó lo ní? Najdorf ń fẹ́ ìwé kíkà bíi ti ẹni tó fẹ́ ṣe lọ́yà. Tó o bá ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tó o ń wọ danfó délé lálẹ́, London System wà níbẹ̀: d4, Bf4, e3, c3, Nf3, ibi kan náà lo máa ń to àwọn ọmọ ayò ẹ sí ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní ti ọ̀lẹ ni. Ní 2023, Ding Liren fi í na Nepomniachtchi nínú ayò kẹfà ìdíje oyè àgbáyé, ó sì gba oyè náà nígbẹ̀yìn. Ọ̀lẹ wo nìyẹn?

13/ Mo gbọ́ ẹ̀yin kóòṣì lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ò ní ìṣọwọ́ta kankan, ó kàn ń fi ayaba ẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Òótọ́ ni. Kò sí opening tó lè gba ẹni tó gbàgbé ayaba ẹ̀ sẹ́nu bíṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ẹni tí ayò ò bá dùn mọ́ nínú lónìí kò ní ta á lọ́la, ọ̀la yẹn la sì ti ń kọ́ṣẹ́.

14/ Ẹ má sì wá fi "bí mo ṣe ń ta nìyí" ṣe ibi ìsápamọ́ sí o. Gbogbo ayé mọ Bobby Fischer mọ́ e4. Ní Reykjavik, 1972, nínú ayò kẹfà pẹ̀lú Boris Spassky, ó fi c4 ṣí i, ó sì jẹ ẹ́. Spassky fúnra ẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Kọ́kọ́ ní ilé. Tó o bá nílé tán, máa rìnrìn àjò.

15/ Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó fi àwọn ayò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ wò ó, ọmọ yìí mọ ẹṣin lò! Tí ilẹ̀ bá ti há, tí pọ́ọ̀nù dí ara wọn lójú ọ̀nà, ó máa ń fi ẹṣin wá ọ̀nà bí ẹni mọ gbogbo kọ̀rọ̀ àdúgbò. Èmi ni mo wá lọ kọ́ ọ pé kó wó gbogbo ògiri lulẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kejì.

16/ Ó ti gba áàpù náà padà, French ló ń kọ́ báyìí. Wọ́n tún nà án lánàá, ní ìgbésẹ̀ 61. Ó kọ̀wé sí mi: "Àǹtí, wọ́n nà mí, àmọ́ mo gbádùn ẹ̀ gan-an."

17/ Mo máa yọ fídíò King's Gambit yẹn kúrò lálẹ́ yìí. Àwọn tó bá gbà á gbọ́, tó wá ń ta ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ nítorí mi, ẹ má bínú.

Ó yá, ẹ lọ ṣí ayò mẹ́wàá tẹ́ ẹ jẹ kẹ́yìn. Jagunjagun ni ẹ́ àbí àgbẹ̀? Ẹ fèsì sísàlẹ̀. Ẹ má parọ́ o, Lichess ń wò yín.